Kò ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà kaṣú tó kọjá lọ̀rọ̀ ẹni tó forí gbalẹ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu.

Ọ̀kadà gbé àbúrò mi ṣubú nígbà tó ń bọ̀ láti Ayétòrò Gbẹdẹ sí Kàbà. Àpò kaṣú wà níwájú ọlọ́kadà, òun wà lẹ́yìn, kò sí akoto lórí ẹnì kankan. Ẹ̀gbẹ́ orí ló fi gbalẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó sì ń bá wọn ṣa kaṣú tó dà sílẹ̀. Ọlọ́kadà ló wá sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi òun pé, "Níbo la tiẹ̀ ti ń bọ̀ ná?" Àwọn tó dúró ń rẹ́rìn-ín.

A ya scan, ìyẹn fọ́tò inú orí, wọn ò rí nǹkan kan. Ló bá di pé kó máa lọ sóko. Oòrùn ń gún un lójú, orí ń fọ́ ọ, bó bá gbé ọkọ́ báyìí, èébì. Bàbá kan ládùúgbò ní ọ̀lẹ ni. Ìyá wa ní ayé ni.

Èmi ò gba ìkankan. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú agbárí àti egungun tó fọ́ ni irú scan yẹn ń wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní concussion, ìyẹn kí ọpọlọ mì nínú agbárí nígbà tí orí bá gbá nǹkan, kì í sábà hàn nínú rẹ̀. Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 ìwúwo ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọ́síjìn wa. Tó bá mì jìgìjìgì, èròjà potassium inú sẹ́ẹ̀lì á tú síta, èròjà calcium á ya wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wá máa ṣe làálàá láti dá kálukú padà sípò. Ṣúgà ni iṣẹ́ yẹn ń jẹ. Àsìkò náà gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé e lọ síbẹ̀ máa ń dín kù. Àfi bí ẹni tó ń se oúnjẹ ìnáwó tí omi ẹ̀rọ wá ń kán tó, tó, tó. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó fẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ kì í tètè gbọ́ràn mọ́. Ẹ wá ní kó lọ kọ ebè!

Àǹtí wa tún ṣe tiẹ̀: ó tì í mọ́ yàrá òkùnkùn, ó ń fà á létí lóru kó má baà sùn. Ẹ jẹ́ kó sùn o, tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnì kan ṣáà wà nítòsí. Tó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí apá kan ń rọ, tí ẹyinjú dúdú kan tóbi ju ìkejì, tàbí tó ṣòroó jí, ọsíbítù lójú ẹsẹ̀!

Kò sí oògùn kan tí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ náà ṣàn bó ṣe yẹ padà. Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí nípàdé lórí concussion nínú eré ìdárayá, ní Amsterdam lọ́dún 2022, ni ìsinmi díẹ̀, kì í ṣe àsùnpadà, fún ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò mú orí fọ́ jù. Àwọn dókítà John Leddy ní Buffalo, l'Amẹ́ríkà, ń fi ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ wádìí ibi tí orí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí aláìsàn má baà kọjá ibẹ̀. Ọ̀nà ọjà ni ẹ̀rọ tiwa: bí orí fífọ́ bá ti ń le sí i, a ó yà jókòó lábẹ́ igi.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ló padà sẹ́yìn ọ̀kadà. Akoto tí mo rà fún un ṣì wà lórí àga. Ó ní ó ń mú orí òun gbóná.