Líle iṣan nìkan kọ́ ló ń gbé ẹni tó ní àrùn Parkinson ṣubú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yín kan ṣe. Ẹ ní iṣan tó le ló ń gbé ẹni tó ní àrùn Parkinson ṣubú, pé bí a bá ti ń fi òrí wọ́ ọ lára, ìṣubú tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Inú ọpọlọ ni líle yẹn ti ń wá: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìṣípòpadà ara, ló ń kú. Òrí lè mú ara tù ú díẹ̀, n kò bá yín jà lórí ìyẹn. Oògùn levodopa ló sábà máa ń dẹ iṣan ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìdúró ṣinṣin. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣubú, ọpọlọ ló ń tètè rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ kó gbá ara dúró. Iṣẹ́ yìí ló ń bàjẹ́, levodopa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń dúró sẹ́yìn aláìsàn, tí á fa èjìká rẹ̀ lójijì, kó lè ka ìṣísẹ̀ tí yóò gbé kó tó dúró. (Ẹ má dán an wò nílé!)

Ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ̀ ṣì lè ṣubú. Ẹ mú bàbá lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, kí ẹ sì ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀.