Ẹ má fún ọkàn ọmọ mi ní máàkì

Inú ń bí mi, n kò sì ní pa á mọ́ra. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni l'Abuja níbí, ẹ mọ áàpù tí mò ń wí: èyí tó ní kí ọmọ mú ohun kan nínú ilé, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó wá kọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ fún un. Wọ́n ní yóò kọ́ wọn láti máa ronú nípa ara wọn. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn nílé wa ní Kubwa.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò mú bèbí, kò mú kẹ̀kẹ́. Àmù ìyá mi ló lọ yà ní fọ́tò. Ẹ wo àmù yìí: ẹnu rẹ̀ ti kán díẹ̀ lápá kan, orí òṣùká ló jókòó sí nígun kíṣìnnì. Alaalẹ́ ni ìyá mi ń kún un, yóò fi àwo bò ó, yóò sì dojú kọ́ọ̀pù dé orí àwo náà. Gbogbo ara rẹ̀ a máa rin, torí omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, bí atẹ́gùn sì ṣe ń gbé omi yẹn lọ ni inú rẹ̀ ń tutù. Nínú ooru oṣù kẹta tí iná ò sí, kò sẹ́ni tó ń ya fíríìjì wò nílé wa.

Ọmọ náà jókòó ti ìyá mi, ó ń bi í léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Màmá àgbà ní àmù tuntun máa ń kọ́kọ́ mu tiẹ̀ yó kó tó fún èèyàn lómi mu. Ó kọ nípa obìnrin Gbagyi tó tà á fún wa létí títì. Ìyá mi mú ₦20 jáde, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó ní kó wo Ladi Kwali níbi tó ti ń mọ ìkòkò. Èmi náà dá sí i, mo sọ fún un pé Kwali kò jìnnà sí wa, inú FCT níbí náà ni, àti pé ní 1954 tí obìnrin yẹn wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìkòkò mímọ ní Suleja, Suleja gan-an ló ń jẹ́ Abuja nígbà yẹn. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá rẹ̀ kó wá kà á.

Áàpù fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ti pọ̀ jù, kó sọ bó ṣe rí lára òun fúnra rẹ̀.

Ọmọ mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kọ gbólóhùn kan péré, pé àmù náà ń fi òun lọ́kàn balẹ̀, ó sì ń mú inú òun dùn. Ìràwọ̀ márùn-ún! Áàpù ń pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé ṣé bó ṣe rí lára rẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn. Ó ní, "Mọ́mì, ohun tó ń fẹ́ nìyẹn."

Àwọn kan yóò ní ìràwọ̀ lásán ni mò ń tìtorí ẹ̀ pariwo. Kì í ṣe lásán lójú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti mọ̀ báyìí pé tí wọ́n bá bi òun ní ohun tó wà lọ́kàn òun, kí òun wá èyí tó máa gba máàkì. Seymour Papert, tí wọ́n bí ní Pretoria ní 1928, tó wà lára àwọn tó ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Logo ní 1967 kí ọmọdé lè máa darí kọ̀ǹpútà fúnra wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíà ọkọ̀ ni òun nífẹ̀ẹ́ sí láti kékeré, òun ló sì jẹ́ kí ìṣirò yé òun. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí òun kọ́ ọ. Ó tún ní ká ní ẹnì kan fẹ́ wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó má rí nǹkan kan wọ̀n.

Mo lọ bá tíṣà rẹ̀. Ó ní òun kò lè yọ ìràwọ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe tà á fún ilé ìwé nìyẹn. Ó wá sọ ti ọmọkùnrin kan fún mi, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sá kúrò ní Borno. Látìgbà tó ti dé, tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ tó sì dáhùn, ó parí, kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́. Búta tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá ló yà ní fọ́tò. Ó kọ Hausa mọ́ èdè Òyìnbó títí àkókò fi tán. Ibẹ̀ ni tíṣà ti mọ̀ pé bàbá náà ti kú.

Mo béèrè iye ìràwọ̀ tí áàpù fún un. Ọ̀kan.

Kí wọ́n yọ ìràwọ̀ yẹn, n kò ní yé sọ ọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fi èdè ilé rẹ̀ kọ ọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní kí n wá fọwọ́ sí lẹ́tà pé kí wọ́n kó áàpù náà dà nù pátápátá, ká ní tíṣà fẹnu bi ọmọ yẹn léèrè lójú gbogbo kíláàsì, ṣé ó máa dáhùn? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. N kò tíì lè fọwọ́ sí i.