Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì: ẹyin tó kọ̀ tí kò bó kì í ṣe ẹyin tó ti pẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ọjà wa. A dúpẹ́ pé ẹ rà á.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: àárọ̀ Sátidé ni màmá ra kíréètì ẹyin kan, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, kukúḿbà díẹ̀ àti ìdì ẹ̀fọ́ méjì lọ́wọ́ wa. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún wa ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Wọ́n ní ẹyin náà ti pẹ́, ó dúró ṣánṣán nínú omi. Wọ́n ní kò ṣeé bó. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ìdọ̀tí wà lára òmíràn, wọn ò sì dọ́gba. Tòmátì ti sán, kukúḿbà korò, kòkòrò ti jẹ ẹ̀fọ́. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe dá wọn lóhùn lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyin, a ò ní jẹ́ kó gba àyè níbí.

Ọ̀rọ̀ pé ẹyin ti pẹ́ la fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló kan orúkọ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la máa ń kó ẹyin: nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbébọ̀ bá ti yé tán lówùúrọ̀, àti nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọlé sùn. Bí a bá ti ń kó o ni ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí wọ́n yé e sí ìdí rẹ̀, ìyẹn apá ibi tó fẹ̀. A kì í lo bírò, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí ojú ò lè rí ló wà lára èèpo ẹyin, ohun tó bá ń ṣàn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wo àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín yà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ẹ fi sí ohun tí ẹ kọ. Ìdí ẹyin tó wà nínú ife yẹn ló kọjú sókè, a sì rí “Ẹtì” ketekete níbẹ̀. Sátidé lẹ rà á. Ẹyin àná ni ẹ gbé lọ sílé.

Ẹ wá ní ó dúró ṣánṣán. Kí ni kò ní dúró? Ẹyin tó bá tóbi díẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 àbọ̀ sí 6. Ife tí ẹ jù ú sí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ibo ló ti fẹ́ rí àyè dùbúlẹ̀? Abọ́ tó fẹ̀ ni wọ́n fi ń wo ẹyin, kí omi sì bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ohun tí omi ń fi hàn nìyí. Tí ẹyin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó gbóná bí ara adìyẹ ṣe gbóná, nǹkan bíi 41°C. Bó ṣe ń tutù ni inú rẹ̀ ń sún kì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á wá gba ìdí rẹ̀ wọlé, á jókòó sáàárín awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó wà lábẹ́ èèpo. Láti ọjọ́ náà lọ, omi inú ẹyin á máa gba àwọn ihò yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdí yẹn á sì máa gbòòrò. Ìdí nìyẹn tí ẹyin tuntun fi ń sùn gbalaja sísàlẹ̀ abọ́. Èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè. Bó bá tún pẹ́ sí i, á dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀, nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín á léfòó. Èyí tó léfòó pàápàá lè má tíì bàjẹ́, omi ò lè sọ ju pé ó ti lọ́jọ́ lórí. Abọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fọ́ ọ sí, kí imú yín ṣe ìyókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wá rú wa lójú ni pé, gbólóhùn tí ẹ ti ní ẹyin ti pẹ́ náà ni ẹ ti ní kò ṣeé bó, pé funfun rẹ̀ ń bá èèpo lọ. Àwọn méjèèjì ò lè jọ wà nínú ẹyin kan ṣoṣo, mà. Ẹyin tuntun ló máa ń ṣòroó bó. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú funfun ẹyin tuntun, òun náà ni kì í jẹ́ kí funfun ọ̀hún mọ́ gaara tí ẹ bá fọ́ ọ síná (ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn náà, ẹ ní ó “rí bàìbàì”). Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, funfun ẹyin á lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ awọ inú èèpo. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ó ń jò lọ, awọ náà á sì tú. Ẹyin tó bá bó wẹ́rẹ́ ló ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ sè é bó, kó ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Tí kò bá lè dúró, kó má fi omi tútù gbé e kaná. Kí omi ti máa hó kó tó rọra gbé ẹyin sínú rẹ̀, tàbí kó fi ooru omi sè é. Ìṣẹ́jú 10 sí 12 ti tó kí pupa rẹ̀ le. Kó kó o sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o láti ìdí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ṣí àyè sílẹ̀. Àwọ̀ ewé tí ẹ rí tó yí pupa ẹyin ká, iná ló pọ̀ jù: imí ọjọ́ tó wà nínú funfun àti irin tó wà nínú pupa ló pàdé ara wọn. Kò lè pa yín lára. Àwa kọ́ la sì sè é.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí kì í ṣe òròmọdìyẹ, kò sì lè jẹ́ ọ̀kan láé, torí kò sí àkùkọ láàárín àwọn adìyẹ wa. Iṣan kékeré kan ló já nígbà tí pupa ẹyin ń kúrò níbi tó ti dàgbà nínú adìyẹ, kí funfun àti èèpo tó bò ó. A máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin lóòótọ́, àmọ́ iná kì í la èèpo aláwọ̀ ilẹ̀ já tó bó ṣe ń la èyí tó funfun já, èyí tó kéré lè yọ́ kọjá. Orí ọ̀bẹ lẹ máa fi yọ ọ́, ẹ ó sì jẹ ẹyin yín.

Ní ti ìdọ̀tí, koríko ìtẹ́ ni ohun tó wà nínú àwòrán yín, mà. Kì í ṣe ìgbẹ́. Èyí tí ìgbẹ́ bá kàn kì í dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ilé ìdáná wa ló ń lọ. A mọ̀ọ́mọ̀ kì í fọ ẹyin ni. Adìyẹ máa ń fi ohun kan tó ń tètè gbẹ bo èèpo kó tó yé e, òun ló dí àwọn ihò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ gbígbẹ tó le díẹ̀ nìkan la fi ń nù ún, kí ìbòrí yẹn má baà ṣí. Ẹ wá kọ ọ́ fúnra yín, pẹ̀lú ìdùnnú, pé bí ẹ ṣe délé lẹ da gbogbo kíréètì sínú omi tútù, ẹ fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ẹ sì tò ó sórí tábìlì títí di Ọjọ́rú. Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó ń kà á dúró sí díẹ̀. Tí omi bá tutù ju ẹyin lọ, inú ẹyin á sún kì, á sì fa omi náà wọlé láti ara èèpo, pẹ̀lú kòkòrò àìfojúrí yòówù tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ fọ ẹyin, ìgbà tó bá fẹ́ sè é ni kó fọ̀ ọ́, kí omi sì lọ́wọ́ọ́wọ́ ju ẹyin lọ. Ẹyin tí a bá ti fọ̀, fíríìjì ló kàn, kì í ṣe tábìlì. Èyí tó bá sì ti wọ fíríìjì, ẹ má gbé e jáde kẹ́ ẹ tún fi sílẹ̀ síta, torí yóò làágùn, omi yẹn náà á sì tún gba inú ihò wọlé. Ṣóńṣó rẹ̀ ni kó kọjú sísàlẹ̀.

Pé wọn ò dọ́gba? Ohun tí ilé jẹ kù là ń tà, mà. Adìyẹ wa kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, ọjọ́ orí wọn ò sì dọ́gba. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé á yé kékeré, nígbà mìíràn á yé èyí tó ní pupa méjì nínú. Ẹ̀yà adìyẹ ló ń pinnu àwọ̀ èèpo, oúnjẹ ló ń pinnu bí inú ṣe máa pupa tó.

Ti tòmátì àti kukúḿbà, orísun kan náà ni. Ilẹ̀ ti gbẹ fún ìgbà díẹ̀ kí òjò ńlá tó rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì la sì ká wọn. Tòmátì tó ti ń pọ́n nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí omi bá dé lójijì, inú rẹ̀ á wú kíákíá ju bí awọ ṣe lè nà lọ, á sán lẹ́bàá ìdí tó fi so mọ́ igi. Kò ba adùn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ojú tó sán ni èbù ń gbà wọlé. Ọmọ tí ẹ pè ní aláìmọ̀kan sọ fún yín lẹ́nu géètì pé kí ẹ kọ́kọ́ jẹ àwọn yẹn, kí ẹ má sì dì wọ́n sínú ọ̀rá. Inú ọ̀rá tí a ta kókó ni wọ́n wà nínú àwòrán yín. Ọmọ yẹn, kí ẹ lè mọ̀, tí ẹ bá gbé ẹyin kan lé e lọ́wọ́, á sọ adìyẹ tó yé e fún yín.

Kukúḿbà tí oòrùn àti ọ̀dá bá fìyà jẹ máa ń kó kíkorò jọ, ìdí tó fi so mọ́ igi àti abẹ́ èèpo ló sì máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ gé ìdí náà dànù, ẹ bó èèpo, ẹ tọ́ díẹ̀ wò. Bí gbogbo inú bá korò, kí ẹ dà á nù, ẹ má fi ipá jẹ ẹ́. Ihò ara ẹ̀fọ́ jẹ́ nítorí pé a kì í fín oògùn sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ á jáde.

Kò sí ohun tí a jẹ yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, nítorí àlàáfíà, ẹ kó èyí tó ṣẹ́ kù wá. A ó gbé abọ́ omi tó fẹ̀ sẹ́nu géètì. Bí ẹyọ kan péré tó ní àmì pẹ́ńsù wa bá léfòó, odidi kíréètì mìíràn di tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Bí ọ̀kankan ò bá léfòó, ẹ ṣì máa mú tòmátì lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí, pé ẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ wa mọ́ láé: kíréètì tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ká bá yín fi pamọ́ de Sátidé yìí ṣì wà nílẹ̀. Tí ẹ ò bá dé kí ọ̀sán tó pọ́n, a ó tà á fún ẹni tó kàn.