Èsì wa fún oníbàárà wa ní Súrùlérè lórí bísíkíìtì tí a kì í yan

Ẹ káàsán o, Mà. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún páálí èròjà bísíkíìtì orí iná wa. Ẹ ní ẹ se ti àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú kan bí ìwé ìlànà inú páálí wa ṣe wí, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ìkejì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń fọ́ bí yanrìn. Ẹ wá ní óòtì wa ti pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Óòtì kọ́ ló fà á, ìwé wa ni. A kọ ọ́ pé kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú kan, a ò sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Bí ṣúgà, mílíìkì, bọ́tà àti kòkó bá wà lórí iná, etí ìkòkò ló máa ń kọ́kọ́ hó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú níbẹ̀ ti yá jù. Iná àárín ni kí ẹ lò, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì máa wo àárín ìkòkò. Ìgbà tí àárín náà bá ń hó, tó ń ru sókè, tí ẹ rò ó tí híhó yẹn ò sì rọlẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú kan náà. Híhó yẹn ló ń lé omi inú mílíìkì àti bọ́tà lọ, kí ṣúgà lè ki débi tí yóò fi dì bó bá tutù. Omi tó ṣẹ́ kù ló ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí omi bá sì lọ jù, ṣúgà á ti máa dì kí óòtì tó wọlé, kò ní lè so wọ́n pọ̀ mọ́.

Ẹ tún kọ ọ́ pé bọ́tà inú ike ni ẹ lò. Gbogbo rẹ̀ náà là ń pè ní bọ́tà ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú tinú ike ló ní omi ju èyí tí wọ́n fi bébà wé lọ. Ti inú bébà, gíráàmù 115, ló dáa jù. Bí tinú ike nìkan ló wà nílé, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 kún un. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ pẹ̀lú, ẹ fi kún un, torí ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Mílíìkì inú agolo, mílílítà 120, ẹ má bu omi sí i.

Ẹ ti tẹ́ bébà sílẹ̀ kí ẹ tó tanná. Bí aago bá pé, ẹ gbé ìkòkò kúrò pátápátá, pàápàá bó bá jẹ́ kúkà oníná mànàmáná, torí irin tí ìkòkò jókòó lé kì í tètè tutù. Ẹ̀pà lílọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, ẹ rò ó títí tí ẹ ò fi ní rí ìlà rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó da fànílà àti óòtì sí i. Ẹ yára bù ú sórí bébà tí ẹ tẹ́ yẹn, ṣíbí kan fún ẹyọ kan. Á kọ́kọ́ máa dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Bó bá ti dì, dídán yẹn á lọ, ojú rẹ̀ á ṣú. Bó bá ṣì ń dán lẹ́yìn wákàtí kan, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má da èyí tó ń lẹ̀ nù. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí méjì, ẹ ṣù ú róbótó, kí ẹ yí i nínú àgbọn rírin. Èyí tó fọ́ dùn lórí áísì kìrímù.

A ti tún ìwé inú páálí kọ. Páálí méjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́, àwa la ó san owó ẹni tó máa gbé e wá. Ẹ sáà fi ọjọ́ tí ẹ máa wà nílé ránṣẹ́ sí wa.