Ẹ Fi Ìdérí Ìkòkò Mi Sílẹ̀!

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tó máa ń rọra se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ò ju kéèyàn da adìẹ sí i, kó sì lọ sùn? Kónítọ̀hún yọjú sílé mi ní Houston níbí. Mo ní ọ̀rọ̀ bá a sọ.

Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe. Ní Sátidé, mo délé láàárọ̀, ojú mi pọ́n bí ata. Mo ní rárá, lónìí gbogbo wa máa jókòó jẹun pọ̀ kí n tó padà síbi iṣẹ́, adìẹ oníṣíìsì táwọn ọmọ ti ń yọ mí lẹ́nu sí ni mo sì máa sè.

Mo ti gbé àyà adìẹ kúrò ní fìríìsà sí fíríìjì láti ìjẹta, torí ẹran tó bá ṣì dì gbagidi kì í wọ irú ìkòkò yẹn. Kó tó yọ́, kó tó gbóná, kòkòrò àrùn ti ráyè bí sí i. Àlùbọ́sà, ata rodo, kọ́rì, omi ìlàjì ife péré, nítorí ooru ò níbi tó máa gbà jáde, adìẹ fúnra ẹ̀ á sọ omi. Ṣíìsì ńkọ́? Odidi ni mo rà, mo fọwọ́ ara mi rin ín. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń bò ó kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kì í sì í yọ́ dáadáa. Mo rin ín títí tó fi bó mi níka. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé ó di aago 4:30 kí ṣíìsì tó wọ ìkòkò o. Ó lóun ti gbọ́.

Aago 11 ni mo tàn án sí LOW. Mo lẹ bébà mọ́ ìdérí: Ẹ MÁ ṢÍ I. Mo sùn.

Ẹ wá wo síǹkì nígbà tí mo jí. Ṣíbí mẹ́rin! Ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbogbo wọn lára. Bébà mi wà lórí tábìlì, ẹnì kan ti gbé ife tíì lé e.

Kì í ṣe ìkòkò orí gáàsì o! Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ooru tó ti ń kó jọ látàárọ̀ ti bá fẹ́rẹ́ lọ, ó sì lè gbà á ní 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ wá ṣírò ṣíbí mẹ́rin.

Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní, “Ìyàwó mi, ìkòkò yẹn ò hó o. Mo ní bóyá wọ́n ti múná lọ ni, mo bá ṣí i wò.” Màmá ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun mà.

Àmọ́ ọmọ tí Màmá bí! Aago 12 ọ̀sán ló da gbogbo ṣíìsì mi sí i. Ó ní kí adùn ẹ̀ lè wọ ẹran lára. Wákàtí márùn-ún nínú ooru! Òróró léfòó sókè, ìyókù di hóró-hóró bí iyanrìn. Màmá yọjú wo inú ìkòkò, ó ní, “Ṣé wàrà lẹ sè ni? Ẹ sẹ́ ẹ, ká dín in.”

Aago 5, mo ti irin tó ń wọn ooru bọ ẹran: 148 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. 165 ló gbọ́dọ̀ dé kéèyàn tó lè fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́. Aago 6 kò dúró dè mí, 157 ló ṣì wà. Mo gbé báàgì mi. Búrẹ́dì gbẹrẹfu ni mo jẹ nínú ọkọ̀.

Aago 8 alẹ́, ọkọ mi fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àwo ti mọ́ fínífíní, wọ́n ti fìka lá a. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, “Ó dùn gan-an, olólùfẹ́. Iyọ̀ ẹ̀ ló kàn kù díẹ̀.”

Iyọ̀. Ó ní iyọ̀!