Berberine kì í ṣe Ozempic o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mẹ́sééjì kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé berberine (èròjà kan tó wà lára àwọn ewéko kan, tí wọ́n ń tà bí oògùn àfikún) ni Ozempic (abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà táwọn èèyàn tún ń lò láti fọn) tí wọ́n fi ewéko ṣe, pé kò léwu rárá, kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà pa Metformin, oògùn ṣúgà rẹ̀, tì. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló jẹ́ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o. Lóòótọ́ berberine lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìyẹn gan-an la ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ra torí téèyàn bá lò ó mọ́ oògùn ṣúgà, ṣúgà ọ̀hún lè já wálẹ̀ jù. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹ má fẹnu kàn án rárá, ó lè mú kí ibà pọ́njú ọmọ tuntun le débi táá fi ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ lè kà á lórí ìkànnì NCCIH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìtọ́jú ìbílẹ̀ àti oògùn ewéko, tàbí kẹ́ ẹ bi dókítà yín. Ẹ bá wa fi èyí sí gbogbo gúrúùpù tí tàkọ́kọ́ ti dé.