Oorun Ọ̀sán Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ní ìpàdé régbérégbé wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ òde òní wí, kò sì pẹ́ tó fi kan ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: pé oorun ọ̀sán ló ń bí ìṣẹ́, pé ojúlówó ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀mí ènìyàn wewu.

Wọn a ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ta ló bá wọn jiyàn? Ẹni tó rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú kò kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn a tún ní ẹ̀bà àjẹyó ló ń fa oorun, pé ẹni tó bá mọ ìwọ̀n oúnjẹ ara rẹ̀ kò ní tòògbé. Oúnjẹ tó pọ̀ lè dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí oorun ti rí i pé, láàárín aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dẹ̀, ìbáà ṣe pé wọ́n jẹun ọ̀sán tàbí wọn kò fẹnu kan nǹkan kan. Bí a ṣe dá ara ni. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kó jọ sínú ọpọlọ, bó sì ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ń kùn wá. Oorun gan-an ló sì ń dín in kù. Obì tí àwọn ará Ṣàgámù ti ń kó ránṣẹ́ sí Òkè Ọya láti ọjọ́ pípẹ́ ní kaféènì nínú, bíi ti kọfí, ṣùgbọ́n ńṣe ni kaféènì kàn ń dí adenosine lọ́nà fúngbà díẹ̀, kì í kó o kúrò.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú. Àjọ NASA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì fún àwọn kan lára wọn ní 40 ìṣẹ́jú láti sinmi lórí ìjókòó wọn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń bójú tó ọkọ̀. Ìpíndọ́gba oorun tí wọ́n sùn kò ju nǹkan bíi 26 ìṣẹ́jú lọ, síbẹ̀ ojú wọn dá ṣáká títí ọkọ̀ fi fẹ́ balẹ̀. Àwọn tí wọn kò fún láyè ìsinmi ńkọ́? Oorun ń gbé wọn lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àní nígbà tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe àwọn tó sùn ní ọ̀lẹ.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ ń bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo sì jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó ju obì sẹ́nu, ó ń rún un. Ó yí gíláàsì fèrèsé wálẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ara rẹ̀ lójú. Síbẹ̀ ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, táyà ọ̀tún sì ti wọ inú yanrìn etí títì kí ìyá kan tó figbe ta lẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yà sí ilé epo, kó rẹjú díẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀lẹ, àwọn èrò tó ń kánjú sì gbè é lẹ́yìn!

Ìwé ìṣirò owó ni iṣẹ́ tèmi, mo sì mọ̀ pé àṣìṣe tí mò ń ṣe lẹ́yìn aago méjì kì í tó nǹkan ní ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ gbórí lé tábìlì. Ìyá mi tó ń yan gàrí nígbà ayé rẹ̀ kì í kúrò nídìí agbada kó má na ara lórí ẹní díẹ̀ kó tó tún gbé asẹ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ pè é ní ọ̀lẹ lójú rẹ̀.

Àyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 nípa àwọn àgbàlagbà tó lé ní 23,000 ní ilẹ̀ Gíríìsì fi hàn pé ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn tó ń sun oorun ọ̀sán déédéé fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í sùn. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ló bá èyí mu: èyí tí wọ́n ṣe ní Lausanne, ní Switzerland, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, rí àǹfààní fún àwọn tó ń sùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nìkan.

Oorun tó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lè mú kí ènìyàn jí pẹ̀lú orí wíwúwo, èyí tó bá sì wọ ìrọ̀lẹ́ lè ba ti òru jẹ́, nítorí náà kí ẹni tí kì í róorun sùn lóru yẹra fún un. Ẹni tó bá sì ń tòògbé láti àárọ̀ títí dalẹ́, tó tún ń han-anrun lóru bí ẹni pé èémí rẹ̀ fẹ́ já, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kí wọ́n yẹ èémí rẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; òun náà kì í ṣe ọ̀lẹ.